Ìyá Onídígí àti Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀

Ẹni tó bá ní àwòrán tó fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ Ìyá Onídígí ló ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ilé aṣerunlóge kan àti ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Yàrá gígùn kan ni, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ rárá; bí oníbàárà méjì bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Káfíńtà, ló ń fá igi férémù lẹ́yìn; Ìyá Onídígí fúnra rẹ̀ ló ń gé dígí níwájú. Yóò tẹ́ dígí sórí tábìlì tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì ogbó bò, yóò fa irin ìgédígí rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò fi ìka kàn án lábẹ́ pẹ́, dígí á sì là sí méjì bí ẹni pé òun náà ti ń retí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àpá mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rántí ọjọ́ tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé etí obìnrin yìí mú ju irin ìgédígí rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa gbé àwòrán wá tí kò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í mọ níwọ̀n. Ọkùnrin kan gbé férémù òfìfo wá, ó ní kó bá òun wá àwòrán tó máa wọ̀ ọ́, nítorí férémù náà ti wọ́n jù láti jù nù. Obìnrin kan gé etí kọ́tìnnì pálọ̀ rẹ̀ wá, ó ní àwọ̀ àwòrán tí òun fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí gẹ́lẹ́. Ìyá Onídígí bi í pé àwòrán kí ni, obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọjọ́ tí ayé máa parẹ́. Ọ̀gá kan gbé ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì wá, ó ní kí wọ́n fi férémù aláwọ̀ góòlù yí i ká, kó tóbi ju fọ́tò bàbá òun tó gbé pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

"Fọ́tò bàbá yín wá ńkọ́, sà?"

"Ẹ ṣáà bá mi fi páálí ṣe tìyẹn."

Ìyá Onídígí kì í rẹ́rìn-ín lójú oníbàárà. Á ní, "Ó ti yé mi," á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, á sì fún un lọ́jọ́ tó máa wá gbé e. Ìgbà tí oníbàárà bá ti kọjá ilé aṣerunlóge tán ló tó máa fa àjákù páálí kan yọ, tó máa fi pẹ́ńsù pín in sí ojú mẹ́rin, tó sì máa ya ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Kò lọ sílé ìwé kankan fún àwòrán yíyà. Imú ló máa ń kọ́kọ́ yà. Ó ní bí òun bá ti rí imú ènìyàn mú, ìyókù á tẹ̀ lé e wá fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á wò ó, á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sórí pákó, á wá kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni olóòtú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ti rí wọn. Fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wá gbé, afẹ́fẹ́ ti ilẹ̀kùn dé, ó sì bá ara rẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú ọkùnrin oníférémù òfìfo. Ó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán lórí ìdúró.

"Ta ló ya èyí?"

Káfíńtà fi àgbọ̀n júwe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ojú júwe ìyà tó máa fi jẹ ọkọ rẹ̀ tí àlejò bá lọ.

Olóòtú bẹ̀ ẹ́ kó máa ya ọ̀kan fún òun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ òun. "Bí àwọn oníbàárà mi bá mọ̀, wọn ò ní lanu mọ́. Bí wọn ò bá lanu, kí ni màá yà?"

Bí wọ́n ṣe bí Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin onímú gígùn kan ni, tó máa ń fa ara sẹ́yìn kó tó wo ohunkóhun, títí kan bàtà ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Màdámù Ó-Bá-Kọ́tìnnì-Mu. Ìyá tó bí Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ náà ń bá wọn gbé, Ìyá Onídígí sì sọ ọ́ ní Màmá Yàrá Ẹ̀yìn. Nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ dúró níwájú àwòrán ewúrẹ́. Ojú kìíní, ìyàwó bi í pé kí ló rí. Ojú kejì, ó ní, "Mo rí ìdákẹ́rọ́rọ́ ọmọ aráyé." Ojú kẹta, Màmá yọjú, ó ní, "Ewúrẹ́ ni." Ojú kẹrin, wọ́n ti mú Màmá padà sí yàrá, Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Àgbà ti ń dé sí wọn."

Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn náà láti ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ ń gbé.

Inú bí ẹnì kan. Ẹni náà ni Ọ̀mọ̀wé, lámèyítọ́ tó ń kọ̀wé nípa àwòrán sí ojú ewé tó ṣáájú ti Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀. Ọ̀mọ̀wé yìí máa ń fi ìborùn olówùú wé ọrùn nínú ooru, bí wọ́n bá pè é síbi ìpàtẹ àwòrán, á pẹ́ dé, kí ènìyàn lè rí i bó ṣe ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan náà pé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, pé oúnjẹ àwọn tí ọpọlọ wọn kò ní eyín ni. Lábẹ́ rẹ̀, ó yin ayàwòrán kan tó fi ọ̀dà búlúù kun aṣọ láti òkè délẹ̀: "Nínú àìsí-níbẹ̀ àwọ̀ búlúù yìí, a ń bá ara wa pàdé gẹ́gẹ́ bí àlejò."

Ìyá Onídígí kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó gé e pamọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ dúró níwájú ògiri ilé ìwòsàn eléyín, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ní ojú kẹrin, kunlékunlé gbé garawa ọ̀dà dé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kúrò níbẹ̀. A ò tíì kùn ún tán."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta, ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù bí kò ṣe Ọ̀mọ̀wé, òun àti ìborùn rẹ̀. Ìyá Onídígí mọ̀ ọ́n, torí pé àwòrán rẹ̀ máa ń wà lókè ohun tó bá kọ. Ó fi ìṣó méjì sẹ́nu, ó ń wo tábìlì.

Ọ̀mọ̀wé fa pépà kan yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ àti ògiri búlúù rẹ̀ ni.

"Ìyá, ẹ bá mi fi férémù sí èyí. Kó kéré, kó rẹwà. Mo fẹ́ fi ta ọ̀rẹ́ mi kan lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀."

"Ṣé ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ni, sà?"

"Òun ni wọ́n yà!" Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lámèyítọ́ lòun náà. Ó rò pé òun mọ nǹkan. Ẹ wo imú yẹn! Òun gan-an ni."

"Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ yìí ńkọ́? Òun ló sọ ọ́?"

"Ta ni ì bá tún sọ ọ́? Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò ní ìtumọ̀ kankan."

Díẹ̀ ló kù kí Ìyá Onídígí gbé ìṣó mì. Ó ní, "Ó ti yé mi, sà," ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé lọ tán, òun àti ọkọ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá ti gbé ayùn, èkejì á ní, "Kò ní ìtumọ̀ kankan," wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kan.

Ìyá Onídígí ní àbúrò obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ọkọ àbúrò yìí kà ní yunifásítì, ilé wọn sì ní pálọ̀ méjì: ọ̀kan fún jíjókòó, ọ̀kan fún wíwò. Àwọn àga funfun tó wà nínú ti wíwò ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà wọ́n. Ìyá wọn tó bí wọn méjèèjì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò, nítorí pé ilé rẹ̀ ló láyè.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Ìyá Onídígí àti ọkọ rẹ̀ lọ kí wọn. Kí ni wọn ò rí lára fíríìjì? Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ méje, tí àbúrò gé jáde, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan!" Àbúrò fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ rí Màdámù Ó-Bá-Kọ́tìnnì-Mu yìí? Obìnrin ilé kejì wa nìyẹn! Ẹni tó yà á ti ní láti dé ilé wọn. Ẹ wo bó ṣe ń fi ọwọ́ méjì di kọ́tìnnì mú, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i."

Ìyá Onídígí wo kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ó jọ ọ́ lóòótọ́." Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó lọ kí Màmá ní yàrá, Màmá ń sọ̀rọ̀ ilé fún un, lára rẹ̀ ló ti mẹ́nu kàn án pé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ àbúrò wá jẹun lọ́jọ́ Ẹtì.

"Ẹ bá wọn jókòó?"

"Rárá o. Wọ́n ní kí n wá sinmi ní yàrá."

"Ṣé ó rẹ̀ yín ni, Màmá?"

"Kò rẹ̀ mí," ni Màmá wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìyá Onídígí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Àwòrán ńlá kan wà ní pálọ̀ wíwò tí àbúrò rẹ̀ rà níbi ìpàtẹ kan: ìyá arúgbó kan, ó wé gèlè, ó ń wo iwájú. Ìyá Onídígí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ya Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ tó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn àlejò. Ojú kìíní: "Ẹ wo bí ayàwòrán ṣe bu ọlá fún ìyá." Ojú kejì, àwọn àlejò mi orí. Ojú kẹta, Màdámù ní, "Ó sì bá kọ́tìnnì mu." Ojú kẹrin kò ní ọ̀rọ̀ kankan: Màmá Yàrá Ẹ̀yìn fi ìborùn borí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àwo oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín láti inú ògiri.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n gé e pamọ́ ju gbogbo èyí tó ti jáde lọ.

Nínú gbogbo ìlú, ẹnì kan ṣoṣo ló rí ara rẹ̀ nínú àwòrán náà. Màmá mú dígí ìkàwé rẹ̀, ó wò ó títí, ó bá pariwo: "Èmi rèé! Ẹ wo ìborùn mi! Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì mi!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé e lọ fi han obìnrin ilé kejì. Nígbà tí àbúrò ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá fi han òun náà. Àbúrò wo ìborùn, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó gbójú sókè wo àwòrán ìyá arúgbó tó wà lára ògiri, ojú rẹ̀ wá ṣí.

Ọjọ́ kejì, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni."

Irin yẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Onídígí, dígí sì sán wọ́gọwọ̀gọ. "Èmi ni."

"Ẹ ò lè pè mí kí ẹ sọ ọ́ sí mi létí? Ó di kí gbogbo ìlú gbọ́?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa gbọ́?"

"Ẹ ò tiẹ̀ dán an wò! Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn, ẹnu èèyàn ni wọ́n máa ń wò kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, Màmá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n sì wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Màmá rẹ́rìn-ín mọ́ nínú ilé mi. Ẹ̀yin wá fi wá rẹ́rìn-ín, gbogbo wa pátá, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

Ìyá Onídígí nu ọwọ́ nù sára aṣọ iṣẹ́. "Mi ò ní bẹ̀ ọ́ nítorí pé mo ya Màmá sí yàrá," ló wí. "Yàrá náà ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wá. Ìyẹn, má bínú sí mi."

Àbúrò jáde. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, Ìyá Onídígí kò sì ya Màdámù Ó-Bá-Kọ́tìnnì-Mu ní gbogbo àkókò náà. Ó ní ọwọ́ òun kò gbà á.

Nígbà tí ìwé ìròyìn náà pé ọdún mẹ́wàá, olóòtú ní kí wọ́n pàtẹ ogójì Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìlú. Bí Ọ̀mọ̀wé ṣe gbọ́, ó kọ̀wé pé àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni ojúlówó iṣẹ́ ọnà àkókò wa, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán rẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ ń dí ìlà lọ́wọ́. Olóòtú wá bi Ìyá Onídígí.

"Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan má sọ̀rọ̀ níbẹ̀," obìnrin náà fèsì, "kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọ̀mọ̀wé."

Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ṣe férémù ogójì náà, àwọn náà ló gbé wọn kọ́. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Ìyá Onídígí ṣì wà lórí àkàbà tó ń tún èyí tó wọ́ ṣe. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀mọ̀wé gbé ife tó ti mu tán lé e lọ́wọ́ láìwò ó. "Ìyá, ẹ bá mi gbé èyí sọ́hùn-ún." Ó lọ sí iwájú.

Ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ ayàwòrán náà dáadáa, pé ọkùnrin ni, pé òkè òkun ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí pé òun kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wá dúró níwájú Màmá Yàrá Ẹ̀yìn, ó fa ara sẹ́yìn.

"Ẹ má rò pé ìyá arúgbó lásán lẹ̀ ń wò," ló wí. "Kì í ṣe ènìyàn rárá. Ó dúró fún àkókò."

"Mi ò dúró o, ọ̀gá," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Mo jókòó ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí."

Gbogbo orí yí. Màmá ni, ó fi ìborùn náà gan-an borí, àbúrò sì di apá rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n máa wá. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu, irú ẹ̀rín yẹn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá mi nìyí," ló wí. "Ilé mi ni yàrá yẹn wà, èmi ni mo ní kí wọ́n wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì yà á. Kò lọ sí òkè òkun kankan. Òun ló mú ife yín dání yẹn."

Ìyá Onídígí ní ká ní ilẹ̀ lanu ni, òun ì bá wọlé, tifetife. Gbogbo ojú wá padà sára Ọ̀mọ̀wé. A rò pé yóò ṣubú ni, tàbí, ó kéré tán, kó tọrọ àforíjì. Ẹ ò mọ Ọ̀mọ̀wé. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ló wí. "Ìdí tí mo fi gbé ife fún un nìyẹn. Àmì ni."

Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un! Mo wà níbẹ̀, etí mi ni mo fi gbọ́. Obìnrin kan tó wà níwájú mi tiẹ̀ ń nu ojú.

Àbúrò kò pàtẹ́wọ́. Ó gba ife lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ dojú rẹ̀ dé ìwé tí Ọ̀mọ̀wé fẹ́ ka ìyókù rẹ̀, gbogbo ẹ̀kán tó kù nínú rẹ̀ sì dà sí i. Ìgbà náà ni àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn, tí ẹ̀rín sì gbé wọn méjèèjì lọ sí ìta.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo nǹkan dára láti ìgbà náà. Ọ̀rá ṣì wà lára àga funfun. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, pálọ̀ ni Màmá ń jókòó sí, ó sì ń bi wọ́n ní iye ọmọ tí wọ́n bí. Àwọn kan kò wá mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà sì wà tó jẹ́ pé Màmá ló máa ń béèrè kó tó bọ́ bàtà.

Ṣọ́ọ̀bù ló bàjẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tó ń yà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè bá ara wọn nínú ìwé ìròyìn. Ọkùnrin kan sọ pé òun fẹ́ àwòrán tó máa bá ajá òun mu. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń yọ́jú wo ọwọ́ Ìyá Onídígí bóyá ó ti mú pẹ́ńsù. Ó sú u. Oṣù kẹta, ó ya Ọ̀gbẹ́ni Ìjìnlẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀, kò sì mú un padà bọ̀. Olóòtú bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tó ń yà báyìí ni àwọn tó tò sí ilé ìwòsàn, níbi tó máa ń mú ọkọ rẹ̀ lọ nítorí orúnkún rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ pé ìjìnlẹ̀ ti tán nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa lọ kó fi dígí sí i. Mo ń ṣọ́ ẹnu mi gan-an. Mo rò ó kí n tó sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Mo ní kó bá mi lo igi tó bá wù ú.

Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ ní tiyín," ló wí. "Ẹ̀yin ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

Ó dùn mí títí mo fi délé.